Bàbá, Ayò Ìtàn Tí Mo Ń Ta Kì Í Ṣe Tẹ́tẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Adó-Èkìtì níbí. Mo kí Màmá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé àtàwọn ọmọ rẹ̀, mo kí Ìyá Àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là, eruku pupa sì ń bo gbogbo aṣọ tí mo bá sá. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo ti di olórí àwọn atatẹ́tẹ́ l'Ádó, pé mo ń kó ìyàwó ilé àti arúgbó jọ sídìí dáìsì, àti pé bí n kò bá padà sí Abẹ́òkúta kí oṣù yìí tó parí, kí n má pè yín ní bàbá mọ́. Ẹ sì ka ẹ̀sùn náà síta níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé èsì mi fún ìwé ìròyìn. Gbangba ni wọ́n ti bà mí jẹ́, gbangba náà ni n ó ti fèsì.

Mo gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ ló wá sọ fún yín nígbà tó wálé. Bàbá, ṣé ó sọ fún yín pé ayò kan náà ni òun ń ta?

Ẹ mọ̀ pé táípíìsì ni mí ní ọ́fíìsì ilé-ìwé girama kan níbí. Fádípẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un ní ìwé ayò náà. Ayò yìí kò ní pátákó. Ẹ ó jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á mú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, ọdẹ ni o, oníṣòwò ni o, wọn á sì máa sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Bí ohun tó fẹ́ ṣe bá le, á da dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Kò sí kọ́bọ̀ kankan lórí tábìlì.

Fádípẹ̀ àti tísà mẹ́rin ló ń ta á ní ọ̀sán Sátidé. Èmi tí n kò lẹ́bí níbí, tí mo ń ti ọjọ́ Jímọ̀ dé àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ta. Ọmọ ìlú mi ni, mo rò pé ó máa tọ́ mi sọ́nà. Mo bi í pé kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Ó ju ìwé náà sí mi, ó ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ń há ni lọ́fun bí eegun ẹja ni. Mo ṣì ń wá ojú ewé tí wọ́n ń sọ nígbà tó ní ẹni tí mo mú ti jìn sí kòtò, ó ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti kú, kí n lọ bá wọn bu omi wá.

Mo bu omi náà, Bàbá. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn.

Mo yá ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tísà yẹn, mo sì kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rí i pé díẹ̀ ni ohun tí àlejò nílò láti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyókù, á máa kọ́ ọ bó ṣe ń ta á. Mo tẹ díẹ̀ náà sórí tákàdá kan ṣoṣo, ní Yorùbá: sọ ẹni tí o jẹ́, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, da dáìsì bó bá le. Dáìsì lúdò ni mo fi rọ́pò àwọn olójú púpọ̀ tí Fádípẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo sì fi kún un pé àlejò kì í kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Ìjàn, onílé mi, ni mo kọ́kọ́ pè. Opó láti Ìjàn-Èkìtì ni, kò mọ̀wé. Ó ní òun ò lè ta ayò oníwèé. Mo ní kó gbàgbé ìwé: àgbàrá ti gbé afárá lọ lójú ọ̀nà Ìjàn, ó sì ru ẹrù iṣu, kí ló máa ṣe? Lójú ẹsẹ̀ ló ní òun á so uṣu òun mọ́ igi, òun á gba inú oko ẹ̀gbọ́n òun, òun á sì dé ulé. Bí wọ́n ṣe ń pe iṣu àti ilé níbí nìyẹn. Ó da dáìsì, ó bọ́ sí i. Ìyá náà fò sókè! Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹnikẹ́ni kò bi òun rí pé kí lòun fẹ́ ṣe.

Kò pẹ́ tí a fi di mẹ́jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ìjàn, títí kan obìnrin kan tó ń gbin ìrẹsì, tó ń wọkọ̀ wá láti Ìgbẹ́mọ. Fádípẹ̀ gbọ́, ó wá. Kò kí Ìyá Ìjàn. Ó ní mo ti ba ayò àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ́, mo ti sọ ọ́ di ti àwọn púrúǹtù. Mo ní kó jókòó kí a kọ́ ọ. Ó fìbínú lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wálé wá rojọ́ mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo mú lẹ́tà yín lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Mo kà á sókè dé ibi tí ẹ ti pè mí ní atatẹ́tẹ́, mo wá bi í pé kí ni dáìsì ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn tísà bi í bóyá lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àárín ọmọ Ẹ̀gbá ni. Mẹ́ta nínú wọn dìde, wọ́n bá mi lọ. Ìyá Ìjàn ló ṣàlàyé ayò fún wọn, bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Ẹ má ní kí n dárí ji Fádípẹ̀. N kò ní dárí jì í, n kò sì ní kí i mọ́.

Ẹ̀yin náà dùn mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹnì kan, ẹ kò kọ ìlà kan ṣoṣo láti bi mí.

N kò ní wálé lóṣù yìí, nítorí ẹni tó bá sá ti gbà pé òun jẹ̀bi. Mo ń bọ̀ ní Kérésì. Kí n tó dé, ẹ kó mọ̀lẹ́bí jọ, kí ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni Fádípẹ̀ pa mọ́ mi. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, n ó sọ ọ́ fúnra mi kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó fi ìlera fún Màmá, kó wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà sàn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ti ọ̀tún, ti òsì.

Èmi ni ọmọ yín tí inú ń bí,
Adéọlá