Òpó Tó Wà Láàárín Yàrá Rẹ

Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ tíṣà, mo kí ẹsẹ̀ rẹ lójú ọ̀nà Ìkòtún. Ọlọ́run tó jí wa ní Ìyìn níbí náà ni yóò máa jí ọ ní Ìgandò. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ṣe fẹ́. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan ti kú. Olútóyìn aránṣọ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un, nítorí inú ń bí mi.

Nígbà tí o gba yàrá yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé òpó kan dúró gbọnin láàárín rẹ̀, òpó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Bàbá Princess onílé rẹ fẹ́ kọ́ tí kò kọ́ mọ́. O ní ilẹ̀kùn kan tún wà lára ògiri, téèyàn bá ṣí i, búlọ́ọ̀kù ló máa bá níbẹ̀. Mo ní kí o ní kó dín owó ilé kù, o ò gbọ́. O lọ ń fi okùn wé òpó bí ẹni ń di irun, o kan pákó mọ́ ọn yíká, o ní ibẹ̀ lo ti ń jẹun, ibẹ̀ lo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. O yọ ilẹ̀kùn asán yẹn, o to àwo àti ìwé sínú ihò rẹ̀, o tan iná sí i. O gbé dígí gàgàrà ti ògiri, o ní kí yàrá lè fẹ̀ ni. Dígí wo ló ń fẹ yàrá?

Bàbá Princess wá tún páànù ṣe, ó rí i, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí fóònù pé ẹni tó bá lówó kó wá gbà á, ó sì ní kí o san ìlọ́po méjì tàbí kí o jáde lópin oṣù. Ṣé ojú kì í ti ọkùnrin yẹn ni? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. O tún un ṣe tán, ẹlòmíràn fẹ́ gbowó rẹ̀. O ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ti wo fọ́tò náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti wo inú yàrá ọmọbìnrin, o sì ń sùn? Pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ jàre. Kí o sì máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, o ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa yọjú.

Òmíràn tún wà. Lọ́jọ́ tá a rí ara wa lójú fóònù, mo rí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn rẹ tó wọ irú aṣọ rẹ gan-an. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, ó kọ̀yìn sí mi, ọwọ́ òsì ló fi di fóònù mú. Olútóyìn ní ìwọ náà ni, nínú dígí. Mo ní kó máa kọ ohun tí mo ń sọ. Ṣé mi ò mọ ọmọ tí mo wẹ̀ ni?

Gbọ́ ohun tí o máa ṣe. Tú okùn, ṣí pákó, kó àwo, pa iná, dá ilẹ̀kùn asán yẹn padà sójú búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Tí onílé rẹ bá mú àwọn olówó wá, kí wọ́n bá òpó ní ìhòòhò. Kí o wá sọ fún un pé, "Bàbá Princess, ohun tí ẹ kọ́ nìyí. Èyí tó kù, ẹrù mi ni." Kí o fi ẹ̀yin pè é o, mi ò kọ́ ọ ní àfojúdi.

Má rò pé mi ò mọyì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Bàbá àgbà rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé yìí, ògiri rẹ̀ sì wọ́. Láti ọdún tí mo ti bí ìyá rẹ ni òjò ti ń gba igun yàrá mi wọlé. Ìkòkò odù ni mo gbé síbẹ̀. Ẹlòmíràn ń sáré gbe omi òjò níta, tèmi ń bá mi lórí ẹní, àwọn àlejò sì rò pé bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà rẹ kò tìtorí odù ní kí n sanwó ilé.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ jókòó sídìí òpó lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá wò ó. Fi ti òògùn orúnkún kún un. Onílé kò ní lé ọ. Ìwọ náà yóò kọ́ tìrẹ, òpó rẹ̀ yóò sì dúró síbi tó yẹ.

Tí mo bá ń padà, màá gbé dígí yẹn. Yàrá tèmi há, tó bá ń fẹ yàrá lóòótọ́, kó wá fẹ tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì yẹn, kó dúró sí Ìgandò.

Èmi ni, ìyá ìyá rẹ.