Okùn Ẹrù Láti Lómè

Ilé Akínpẹ̀lú,
Ẹ̀yìn Gáréèjì Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹrin, 1988.

Fọláṣadé Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá Èkó. Olúwa tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ, ní àwọlé àti ní àbájáde. Ara gbogbo wa le, àfi ewúrẹ́ dúdú tí ẹsẹ̀ ń dùn, àmọ́ òun náà ti ń jẹun.

Mùjídàt ọ̀rẹ́ mi, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Igbó, ní kí n kí ọ. Kò ta ọjà òyìnbó mọ́ o. Ó ní iye tí wọ́n ń pe léèsì òkè òkun báyìí, èèyàn lè fi kọ́lé. Lómè lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, wọ́n ń gba Kútọnu kọjá, ó ní ECOWAS ló la ọ̀nà náà. Mo bi í pé ọmọ ìlú ibo ni ECOWAS, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Wòlíì Ebenezer ìjọ wa ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún ló pawọ́ pọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní máa wojú òyìnbó mọ́ kí àwọn tó jẹun, ara àwọn làwọn ó máa tà fún, ọwọ́ ara àwọn làwọn ó sì ti máa rà. Ó ní ará ibẹ̀ lè wá síbí lo oṣù mẹ́ta láìgba físà. Ó yé mi dáadáa. Agbo ilé ńlá kan ni, oníyàrá mẹ́rìndínlógún, wọ́n wá wó ògiri àárín rẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni ẹni tí yóò máa gbá àgbàlá rẹ̀. Mo tún bi wòlíì bóyá àwọn tó ti kú náà wà nínú rẹ̀. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ní ECOWAS ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi béèrè nìyí. O rántí bí bàbá rẹ Gbádégẹṣin ṣe ń di ẹrù fáwọn ọlọ́jà ní gáréèjì Takie. Ọwọ́ òsì ló fi ń dì í, á lọ́ okùn, á yí i gba abẹ́ ara rẹ̀, á wá fi eyín gé ìrù rẹ̀ kù bí ọmọ ìka. Kò sẹ́lòmíì tó ń dì í bẹ́ẹ̀, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kú. Ẹrù tí Mùjídàt kó dé láti Lómè, ìdì bàbá rẹ ló wà lára rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ibi tí eyín ti gé e, ó ṣì tutù.

Mo ní ta ló dì í. Ó ní alábàárù kan nínú ọjà ibẹ̀ ni, ó kẹ̀yìn sí òun títí ó fi ṣe é tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, Yorùbá ilé wa ló sì fi sọ ọ́, ó ní ṣé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ṣì ń so. Mùjídàt ti dáhùn pé ó ń so dáadáa, kó tó bi ara rẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ta. Nígbà tí Mùjídàt máa fi tún wo ibẹ̀, okùn nìkan ló kù nílẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò náà la sin bàbá rẹ sí, ìwọ náà wà níbẹ̀.

O mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò pé tó kú, á lọ máa gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì pè é lórúkọ, ó parí, a ò ní rí i mọ́ láéláé. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè padà wálé nìyẹn, torí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ojú ọ̀nà ń béèrè orúkọ. Ní báyìí ECOWAS ní kí wọ́n má béèrè mọ́. Nítorí náà bàbá rẹ ń bọ̀. Mo ti sá ẹní rẹ̀ sóòrùn. Mùjídàt tún lọ, kò bá a, wọ́n ní ó ti bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan lọ síhà Nàìjíríà.

Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fi ránṣẹ́, kí n fi tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, ibẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Kó o fi sílípáàsì ọkùnrin kan kún un, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, torí láìwọ bàtà la sin ín.

Mo rí páálí ìrẹsì àti ọṣẹ tó o fi rán awakọ̀. O ṣeun, o ò ní ráhùn. Mi ò tíì tú u. Okùn rẹ̀ ni mò ń wò látàárọ̀, eyín ni wọ́n fi gé ìrù rẹ̀ kù bí ọmọ ìka.

Ta ló bá ọ dì í? Mi ò ní kó o dárúkọ rẹ̀ o. Bó bá tún kan ilẹ̀kùn rẹ, ṣí i. Fún un lómi, fún un lóúnjẹ, máa wo ilẹ̀, má bi í ní nǹkan kan. Ṣáà máa sọ̀rọ̀ ilé létí rẹ̀, kó lè mọ̀ pé máńgòrò ti pọ́n.

Kí Olúwa sin ẹ̀yin méjèèjì wálé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rúùtù.