Àmì Orí Bàbá Lára Ògiri

Màámi, ẹ kú òtútù Kánádà o. Ara gbogbo wa le. Ariwo èrò tí ẹ gbọ́ lórí fóònù lánàá, àwọn Áfáà ló wá ṣàdúà kí Àǹtí Yéwándé lè bí wẹ́rẹ́.

À ń lẹ bébà olódòdó sára ògiri pálọ̀, kí ilé lè dùn ún wò tí ẹ bá padà dé Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tó ń ṣe é, tí kò mọ̀ wá rí, ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó ti dí gbogbo ibi tó sán. Àmì òróró tí orí Bàbá fi sílẹ̀ lẹ́yìn àga wọn nìkan ni kò gbà láti kúrò. Ó ní yóò la bébà já, ó bá fi ọ̀dà funfun bò ó. Ó wá ní, “Ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n má fi orí tì í títí yóò fi gbẹ.” Mo ní mo ti gbọ́, mo sì jáde lọ pọnmi.

Láàárọ̀ yìí, ó tún ti yọ, bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Ẹ má pe fóònù Bàbá, ó ti bàjẹ́.

Ẹ bá mi kí Àǹtí àti ọkọ wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n bí, ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ kankan kí ẹ tó bi mí; orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Lubabah, ọmọ yín