Ibi Tí Ẹ Gé Nínú Fíìmù Amarya

Bàbá mi,

Mo fẹ́ kọ "ọ̀wọ́n" tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán.

Sàkírátù, àbíkẹ́yìn yín, ti sá kúrò nílé ọkọ. Ó dé bá mi nílé yín ní Umarari níbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Nígbà tó ṣí híjáàbù rẹ̀, àmì ìka ọwọ́ ni mo rí lọ́rùn rẹ̀, mẹ́rin lápá kan, ọ̀kan lápá kejì. Àbúrò yín tó wà ní Ìwó pè mí lórí fóònù pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Sátidé, kí n fà á lé e lọ́wọ́, pé bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ṣé ẹ rántí fíìmù amarya? Àwọn oníbàárà tó ń ra kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Baga Road ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ìyàwó tuntun inú rẹ̀ tó di amùjẹ̀. Ẹ máa ń so ẹ̀rọ fídíò méjì pọ̀, kí ẹ da ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì kọ sínú òmíràn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dúró níbi ìhòòhò, torí pé inú ilé onílé ni kásẹ́ẹ̀tì yín ń lọ. Tí a bá ń wò ó nílé, ẹ ó fi báírò yí téèpù tó bá tú wọlé, ẹ ó sì fi fìlà yín bò mí lójú nígbà tí eyín bá yọ. Fìlà yẹn máa ń rùn tùràrí àti òógùn, mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa lórí ẹní pé amùjẹ̀ kì í lè wọlé àfi tí onílé bá ní kó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sọ "ẹ wọlé" fún àlejò kankan mọ́, títí Màmá fi nà mí.

Ohun tí mo mọ̀ nínú fíìmù náà nìyí: obìnrin kan ṣe ìgbéyàwó sílé olówó. Lójijì, ó yọ eyín. Ó ń rìn kiri nínú ṣẹ́mísì funfun, ó ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kan igi mọ́ ọn láyà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lánàá, èmi àti Sàkírátù ṣí àpótí páànù yín. Ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e. Mo gbé ẹ̀rọ fídíò yín wọ kéké lọ sí Monday Market, bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe sì fọ inú rẹ̀ fún mi. Alhaji mai kaset, Alhaji oníkásẹ́ẹ̀tì, ló ṣì ń pè yín, ó sì ṣàdúà gan-an kí Ọlọ́run fi yín sí àljánnà. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a wò ó.

Bàbá, ọkọ ló kọ́kọ́ ní eyín! Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́, ọkọ sì bù ú jẹ lọ́rùn. Ibẹ̀ lẹ gé, torí pé ọmú rẹ̀ wà níta. Ẹ tún gé ibi tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti yan ọkùnrin tó wù ú, tí ara rẹ̀ yá gágá. Ibi tí wọ́n ti pa á, ẹ ò fọwọ́ kàn án, aṣọ ṣáà wà lára rẹ̀ níbẹ̀. Mi ò yin ẹni tó ṣe fíìmù náà. Ó bọ́ obìnrin náà síhòòhò kí àwọn ọkùnrin lè wòran, ó wá pa á torí pé ó gbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun jẹ́ ká mọ ẹni tó kọ́kọ́ bu ẹnì kejì jẹ. Ẹ̀yin lẹ fi í pamọ́. Kò sì sí bí ẹ ṣe lè gé e láìwò ó. Ẹ mọ̀, Bàbá. Ẹ mọ̀!

Ẹ sì mọ̀ nígbà tí èmi náà sá wálé pẹ̀lú ojú wíwú. Ẹ sọ fáwọn aládùúgbò pé ibà ló ń ṣe mí. Ibà! Nígbà tí ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ẹ dìde, ẹ ní, "Bismillah, wọlé, ọkọ ọmọ mi," ẹ sì fún un ní mínírà tútù. Ẹ̀yin tí omi máa ń bọ́ lójú yín bí wọ́n bá ń pa àgbò iléyá, báwo lẹ ṣe jókòó tì í? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo tún lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ ò rí mi lẹ́yìn kọ́tìnì tí mo fara pamọ́ sí ni, àbí ẹ rí mi, ẹ sì tẹ̀ mí dúró?

Ọkọ Sàkírátù dé ẹnu ọ̀nà lónìí. Ó wọ funfun. Mo dá sálámà rẹ̀ lóhùn, torí ẹ kọ́ wa pé dandan ni, mo sì jókòó padà sórí àga yín. Ó tún ṣe sálámà. Sàkírátù ń wò mí. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta tí ẹnikẹ́ni ò ní kó wọlé, ẹ̀sìn ní kó padà, ó sì padà. Sàkírátù fúnra rẹ̀ ló lọ ti ilẹ̀kùn.

Àwọn aládùúgbò ti wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò gé nǹkan kan.

Mo ń bínú sí yín, mo sì ń ṣàárò yín. Kí Ọlọ́run forí jìn yín, Bàbá mi ọ̀wọ́n.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, èyí tí ẹ máa ń fi fìlà bò lójú.