Orúkọ Rẹ̀ Ṣì Wà Nínú Ilé Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta, 2025
Mo rò pé òní ni màá fọwọ́ sí ìwé tí Tíṣà ọkọ mi máa fi wá bá mi. Irọ́ ni. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Settimo lọ sí Turin, mo tò síwájú patronato láti aago mẹ́jọ — ibi tí wọ́n ti ń bá àwa àjèjì ṣètò ìwé ìjọba. Lorenzo, ọmọkùnrin onígíláàsì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ èmi àti Alága, ọkọ mi àtijọ́ — ó pé. Ìwé ìgbéyàwó èmi àti Tíṣà, ti Abẹ́òkúta — ó pé. Owó tí mo gbà ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dún tó kọjá, èyí tí ìjọba fẹ́ rí kí wọ́n tó gbà pé mo lè bọ́ ọkọ — ó tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù kó má tó. Gbogbo Saturday tí mo fi ń gbé páálí ṣáà ṣiṣẹ́.

Ló bá tẹ stato di famiglia jáde, ìwé tó ń sọ ẹni tó ń gbé inú ilé ẹni. Ó yí i sí mi. Èmi. Tómisìn ọmọ mi. Ọláníyọnu, ìyẹn Alága.

Alága ṣì wà nílé mi. Ọlọ́run mi o.

Lorenzo ní ènìyàn mẹ́ta péré ni comune, ìjọba ìbílẹ̀ wa, sọ pé ilé mi lè gbà. Ẹni mẹ́ta sì ti wà níbẹ̀. Tí Alága ò bá kúrò lórí ìwé, Tíṣà ò lè wọ̀lú. Iṣẹ́ mi náà, ìparí oṣù kẹfà ni contract ń tán. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ owó oṣù tí màá fi han ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi èmi Ṣìkẹ́mi ni.

Nígbà tí a kọ ara wa sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, Alága kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Barriera di Milano, ó háyà bẹ́ẹ̀dì kan. Onílé ní òun gbà kó sùn, òun ò gbà kó fi ibẹ̀ ṣe residenza, àdírẹ́sì tí ìjọba máa mọ̀ ọ́n sí. Láìsí residenza, wọn ò ní tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe. Pastor Jeremiah bá pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ lo kọ̀ sílẹ̀, o ò kọ bàbá ọmọ." Mo ní kò burú, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ lásán, kò jẹun, kò lo omi.

Àánú ṣe mí lóòótọ́. Mo sì fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì rí i pé mo láàánú, kí n má parọ́ nínú ìwé tí mo ń kọ fún ara mi. Igún ṣoore, igún pá lórí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Tíṣà pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo rí Alága ní ọjà Porta Palazzo. Ó ra ẹja Titus dání fún Tómisìn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ láti ilé — gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mo ti tò ó. Kò bá mi jà. Ó ní questura, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwé ìgbélùú, máa pe òun nínú oṣù kẹfà, ilé mi ni lẹ́tà ń bọ̀. Ó ní òun ti bẹ onílé títí, ẹnu ti bó òun. Ó wá wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo mú mi wá síbí, Ṣìkẹ́mi. Níbo tún ni wọ́n ti mọ̀ mí?"

Kò parọ́. Ní 2010, ní Padua, ìdí àwọn arúgbó ni mò ń nù tí mo fi rí owó tí mo fi mú un wọ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo fẹ́ ṣe onídùúró ọkùnrin ní Italy. Ti àkọ́kọ́ ò tíì tán lọ́rùn mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lẹ́yìn ìsìn, Pastor bẹ ìjọ bóyá ẹnì kan lè fún arákùnrin kan ní residenza. Ọ̀kan ní onílé òun le. Ọ̀kan ní ìjọba á dín owó tí wọ́n ń fún òun lórí ọmọ kù. Ìyá Mofìyìnfólúwa, tó ní yàrá mẹ́rin, ní òun á gbàdúrà sí i. Gbogbo wọn ló máa gbàdúrà sí i.

Mo ṣe àmín. Inú ń bí mi bíi kí n fọ́ nǹkan.

Ọjọ́rú, 12
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tíṣà. Ó ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwé wọn pé òun ń lọ, wọ́n ti fi ẹlòmíì sí kíláàsì rẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn òun ń sọ — pé ìyàwó ń bá ọkọ àárọ̀ gbélé. Mo ní orí ìwé ni. Ó ní, "Orí ìwé náà kọ́ ni èmi àti ìwọ wà? Yan ọ̀kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Ajé, 17
Yẹ́misí ọ̀rẹ́ mi pè láti Padua. Ó bú mi dáadáa. Ó ní mo ti ń ṣàánú gbogbo ayé, ta ló ń ṣàánú mi? Mo lọ bá Lorenzo. A kọ ọ́ sí comune pé Ọláníyọnu ò gbé ilé mi mọ́ láti ọdún méjì. Òtítọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i. Lorenzo ní vigile kan, ọlọ́pàá comune, á wá wò ó, wọn kì í sọ ọjọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo kó ìyókù ẹrù Alága sínú ọ̀rá — táwẹ́ẹ̀lì, abẹ ìfárùngbọ̀n, sílípáàsì aláwọ̀ igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tómisìn yọ sílípáàsì padà. Mo dá a padà sínú ọ̀rá. Ó tún yọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí, mo fi sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Alága pè, ó ní ṣé lẹ́tà questura ti dé. Mo ní rárá. Mi ò sọ ohun tí mo ṣe. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Kò sí vigile. Tíṣà ò pè.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin
Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́rin. Tómisìn wà ní kíṣìnì, ó ń se pasta. Ó fi èdè Italy sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè, pé vigile wá. Ọkùnrin náà béèrè ẹni tó ń gbé ilé. Tómisìn ní òun, mọ́mì àti dádì. Ọkùnrin náà ní dádì dà? Ó ní wọ́n wà níbi iṣẹ́, aago méje ni wọ́n ń dé. Ọkùnrin náà wo sílípáàsì lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó kí i, ó lọ.

Mo jókòó sórí àga tí Alága máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ bí alága ìpàdé. Mo ní ṣé ó mọ ohun tó ṣe. Mo ní mo ti fọwọ́ síwèé pé bàbá rẹ̀ ò sí níbí, òpùrọ́ ni wọ́n máa pè mí báyìí. Mo ní ọkọ mi ò ní lè wá mọ́. Mo pariwo, mi ò ní sẹ́.

Ó dúró kí n parí. Ó wá béèrè, ní èdè Italy náà, pé tí wọ́n bá yọ dádì kúrò nílé wa, ilé ta ni wọ́n máa kọ wọ́n sí.

Pastor ò rí i dáhùn. Ìjọ ò rí i dáhùn.

Ó pa iná gáàsì. Ó bu oúnjẹ mi wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí kì í sọ Yorùbá àfi tí a bá na pàṣán sí i, ló rọra sọ pé, "Ẹ má bínú, mọ́mì."

Tíṣà ń pè bí mo ṣe ń kọ èyí. Fóònù wà lórí tábìlì, mo ń wò ó bó ṣe ń dún. Ó ní kí n yan ọ̀kan. Ọmọ mi ti bá mi yàn.