Fíríìjì Tí Màmá Fi Òwú Wọ̀n

Jùmọ̀kẹ́,

Má bínú, mo ti gba páálí magasíìnì àtijọ́ tí o kó fún ìyá alákàrà padà. Ó ní, "Bàbá, kí ni kí n wá fi wé àkàrà?" Ìwé ìròyìn tìrẹ ti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kó fún un.

Ìpolówó fíríìjì tó ń lo epo òyìnbó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn magasíìnì náà: iná lábẹ́, yìnyín lókè. Ọgbọ́n ńlá ni. Kí n tó lọ sókè òkun, Màmá, ìyá ìyá rẹ, gé òwú tó ṣe déédéé ìbú rẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì há a sójú ewé náà. Kò rí fíríìjì náà rà títí ó fi jáde láyé. Láàárọ̀ yìí, mo fi òwú náà wọn ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Fíríìjì náà ì bá wọlé.

Mo ń lọ sọ́jà Aswani láti ra ọ̀rá tí n ó fi wé àwọn magasíìnì náà. Bí o bá ṣí páálí náà, rọra. Mo ti dá òwú náà padà sáàyè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ