Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀mí Jí

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín! Omi òjò àná wọ ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ márúwá èmi àti ti Rẹ̀mí àbúrò mi.

Tèmi, ògbólógbòó oníkabúrétọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, kò le. Bọ̀dá Súlè mẹkáníìkì da omi inú rẹ̀ nù, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó sì dún.

Rẹ̀mí nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Bọ̀dá Súlè pariwo: "Má sitáàtì ẹ̀ o! Ìnjẹ́ṣọ̀n nìyẹn, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Tíná bá bá omi nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ó parí!"

Rẹ̀mí bú sẹ́kún. Kẹ̀kẹ́ tuntun! A fa epo tí omi ti dà pọ̀ mọ́ jáde, a pààrọ̀ ọ́ìlì, a sì tú kọ̀ǹpútà náà sá sóòrùn.

Nírọ̀lẹ́ a dá kọ̀ǹpútà náà padà, Rẹ̀mí sì yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún! Rẹ̀mí kó èmi àti Bọ̀dá Súlè sẹ́yìn, ó wà wá dé Akoka. Èrò ń dá a dúró, ó kàn ń juwọ́ sí wọn, ó ń kọrin.